Ẹni Tó Ń Dá Ṣiṣẹ́ Tó Wá Fẹ́ Gba Iṣẹ́ Oṣù: Ìfiwéra Ilẹ̀kùn Mẹ́rin

Ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dákẹ́, ìbéèrè kan wà lẹ́nu àwọn onílé ìtẹ̀wé kéékèèké báyìí: ṣé kí n lọ wá iṣẹ́ oṣù? Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń béèrè rẹ̀. Owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dópin ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, náírà já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e, bébà àti íǹkì tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, fò láti náírà 68 sí náírà 225 fún ẹyọ kan. Ẹni tó ń tẹ̀wé mọ̀ ọ́n lára, ẹni tó ń ta ẹja dídì mọ̀ ọ́n lára, télọ̀ tó ń fi áyọ́ọ̀nù oníná lọṣọ náà mọ̀ ọ́n lára.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń rí gbà ni pé kí wọ́n tún CV wọn ṣe, kí wọ́n sì fọ́n ọn síbi gbogbo. Èmi tí mo máa ń bá àwọn tó ń gbani síṣẹ́ jókòó ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó máa ka ìwé yín. Ọdún mẹ́fà tí ẹ fi dá dúró, àlàfo lásán ni lójú ẹnì kan. Òun gan-an sì ni ẹlòmíì ń fi owó wá. Bí ìwé bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ iyì ohun tó wà nínú rẹ̀, bó ti wù kí ó dára tó, kò ní ran yín lọ́wọ́.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa fò lókè, ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ ẹnì kan lọ: ọkùnrin ẹni ọdún 38, tó gba HND, tó ti ṣe àgùnbánirọ̀, tó sì fi ọdún mẹ́fà ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti yàtọ̀ fún obìnrin tó ń ránṣọ, tàbí fún ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí gíga, màá sọ. Ilẹ̀kùn mẹ́rin tí a ó mú un kàn ni ìjọba, bánkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá, ilé-iṣẹ́ kékeré àti ti àárín, àti oníbàárà òkèèrè.

Ìjọba

Iṣẹ́ ìjọba nìkan ni ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ṣì ń pè ní iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù ló ń ka ìwé yín níbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ẹ̀rí, ìwé àgùnbánirọ̀: ohun tí wọ́n ń béèrè nìyẹn, kò sì sí àyè kankan níbẹ̀ tí ẹ ó ti ṣàlàyé bí ẹ ṣe tẹ kálẹ́ńdà ẹgbẹ̀rún márùn-ún kó tó di ọjọ́ ọdún. Ìlànà iṣẹ́ ọba ìjọba àpapọ̀ gbà kí ẹni ọdún 18 títí dé 50 wọlé, nítorí náà ẹni ọdún 38 wa kò tíì pẹ́ jù. Àmọ́ ẹni ọdún 60, tàbí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 35, ìfẹ̀yìntì dé nìyẹn. Ọdún 22 ló kù fún un.

Ibi tí ó ti máa ń dun àwọn tó ti jẹ́ ọ̀gá ara wọn ni ìpele. Ẹni tó gba dìgírì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kẹjọ, oní-HND ní ìpele keje, ọdún tí ènìyàn sì lò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kì í sábà gbé e kúrò níbẹ̀. Òun àti ọmọ ọdún 25 ni yóò jọ jókòó, ó sì ṣeé ṣe kí àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí ìyẹn kò bá yọ lẹ́nu, tó sì ní ohun tí yóò máa jẹ títí wọn yóò fi pè é, kó gba fọ́ọ̀mù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ aláṣọ bíi Sífú Dìféǹsì àti Ìmígíréṣọ̀n máa ń dá ọjọ́ orí dúró ní ìwọ̀n ọdún 30 sí 35, kí ó má wulẹ̀ fi wọ́n dààmú ara rẹ̀. Ẹ má sì tẹ́tí sí ẹni tó bá ní kí ẹ lọ búra ní kóòtù láti dín ọjọ́ orí kù. NIN ti so ọjọ́ ìbí mọ́ orúkọ gbogbo wa.

Àwọn méjì kan wà tí mo rò pé ilẹ̀kùn yìí dára fún ju àwọn yòókù lọ. Ìkíní ni ẹni tó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tó ní ìwé TRCN, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́, tó wá ń ránṣọ tàbí tó ń ṣe kéèkì nítorí pé kò ríṣẹ́. Òfin ọdún 2022 sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ìjọba síwájú sí ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá pẹ́ wọlé ṣì ní ọjọ́ iwájú. Kí ó máa ṣọ́ TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́, ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìkejì ni oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ìwé gíga: mẹkáníìkì, oníná, káfíńtà, wẹ́dà. Kí ó lọ ṣe Trade Test lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, láti ìpele kẹta dé ìkíní. Ìwé yẹn ni ìjọba àti àwọn kọ́ńtírákítọ̀ ńlá fi ń mọ̀ pé ẹnì kan mọ iṣẹ́, ó sì wúlò jù kí ènìyàn máa ṣàlàyé lẹ́nu.

Bánkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá

Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ń ka ìwé níbí. Kí ènìyàn kankan tó rí CV yín, ẹ̀rọ ti yọ àwọn tí ọjọ́ orí wọn kọjá ààlà àti àwọn tí ìwé ẹ̀rí wọn kò dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Iṣẹ́ tí bánkì fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ wọlé, nǹkan bí ọdún 26 ni wọ́n sábà ń fi ìpẹ̀kun ọjọ́ orí sí. Ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀, ìdánwò ìṣirò àti èdè tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ ní kàn án, nítorí wọn kò ní pè é débẹ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan wà, èyí tó ṣí fún ẹni tó mọ ọjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ owó orí fóònù bíi Moniepoint àti OPay nílò ẹni tó lè rìn láàárín àwọn oníṣòwò kó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ta ọṣẹ, mílíìkì àti indómì sí àwọn ìsọ̀ náà ń wá ẹni tó mọ ìyá ọlọ́jà lórúkọ. Ẹni tó ti ṣe POS ní Ọjà Ọba ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́ta ní ohun tí ọmọ tó gba First Class ní yunifásítì kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohùn wọn dáadáa nígbà tí wọ́n bá ní "contract staff". Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni yóò gbà yín, tí yóò wá yá bánkì náà ní yín. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó wà lórí lẹ́tà ìgbàṣẹ́, ẹni tó ń san owó oṣù, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá rí iye oníbàárà tí wọ́n ní kí ẹ mú wá. Owó oṣù kan tó tóbi lẹ́nu lè jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ rọ̀ mọ́ iye tí ẹ bá tà.

Ilé-iṣẹ́ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń ka ìwé

Bí ẹ bá bi mí, ibí ni kí ọkùnrin ilé ìtẹ̀wé wa lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ sí. Mò ń sọ nípa ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún: àwọn tó ń ṣe páálí ọjà ní Ìlúpéjú, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Ọ̀tà àti ní Olúyọ̀lé ní Ìbàdàn, ilé-ìwé aládàáni, ilé ìwòsàn aládàáni, àwọn tó ń gbé ẹrù kiri, àwọn tó ń ri sólà mọ́ ilé. Ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni yóò ka ìwé yín, tàbí ìyàwó rẹ̀, tàbí obìnrin tó ń bójú tó owó. Àwọn wọ̀nyí mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí iná lọ nígbà tí oníbàárà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún wọn.

Ohun tí wọ́n ń wá kò pọ̀: ẹni tó mọ iye tí nǹkan ń ná ni, ẹni tó lè dá oníbàárà tó ń bínú lóhùn láìpe ọ̀gá, ẹni tí kò ní jalè. Onílé ìtẹ̀wé ọdún mẹ́fà ní méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni yóò sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn kì í sì í sọ ọ́ jáde. Ẹ̀rù àkọ́kọ́: ṣé kò ní kó àwọn oníbàárà mi lọ? Ìkejì: ẹni tó ti ń pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́, ṣé yóò gbọ́ràn? Ìkẹta, tó sì le jù: bí nǹkan bá tún rọ̀ ṣọ̀mù, ṣé kò ní padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Onílé-iṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé mọ̀ pé ọdún ìdìbò ń bọ̀ ní 2027, pé ìwé ìléwọ́ àti pósítà olóṣèlú lè sọ ẹ̀rọ tó ti ń dípẹtà di ẹ̀rọ owó láàárín oṣù mẹ́ta. Bó bá béèrè pẹ̀lú ẹ̀rín pé "Ta ló ń bójú tó ẹ̀rọ yín báyìí?", ìbéèrè kẹta ló ń bi yín yẹn.

Ẹ dáhùn kí ó tó béèrè. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ náà gan-an: ẹ tà á, tàbí ẹ fi yá ẹlòmíì, tàbí ọmọ iṣẹ́ tó ti gba òmìnira ló ń lò ó tó sì ń san owó fún yín. Ìdáhùn èyíkéyìí nínú wọn lè tẹ́ ẹ lọ́rùn, èyí tí kò lè tẹ́ ẹ lọ́rùn ni "mo kàn gbé e síbẹ̀ ná." Ní ti ìgbọràn, ẹ má búra pé ẹ níwà ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ sọ ìtàn tó ṣẹlẹ̀ sí yín, bíi ti olórí ilé-ìwé kan tó dá iṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀mejì nítorí àwọ̀ báàjì, tí ẹ sì tún un tẹ̀ láìgba owó kún un. Ẹni tó ní oníbàárà ní ọ̀gá púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìtàn yẹn fi hàn án.

Àǹfààní mìíràn tó wà níbí ni pé wọ́n lè ní kí ẹ wá ṣiṣẹ́ wò. Ẹ gbà, tó bá jẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa yọ ju àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dídùn dáhùn ìbéèrè lọ. Tí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ méjì láìsanwó, ẹ rọra yẹra. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wá.

Àléébù ilẹ̀kùn yìí pọ̀, kí n má purọ́. Owó oṣù lè pẹ́. Lẹ́tà ìgbàṣẹ́ lè má sí. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í sì í ṣe é àfi bí ẹnì kan bá béèrè. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 de ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó kéré tán, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ìdá 8 láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ ka orí àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ bá rí lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Kí ẹ sì wá ọ̀nà bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sọ̀rọ̀, kí ẹ bi í bóyá wọ́n ti san ti oṣù tó kọjá. Ìdáhùn rẹ̀ sàn ju gbogbo ohun tó wà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà lọ.

Iṣẹ́ tí à ń ti ilé ṣe fún òkèèrè

Fún ẹni tó ń ya àwòrán ìwé lórí kọ̀ǹpútà, tó ń kọ ìròyìn, tó ń ṣe fídíò tàbí tó ń ṣírò owó fún àwọn ènìyàn, ilẹ̀kùn yìí wà. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe ni wọ́n ń wò, wọn kì í béèrè àgùnbánirọ̀ tàbí ìpínlẹ̀. Owó lè wá ní dọ́là. Àmọ́ ẹ má pè é ní iṣẹ́ oṣù. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ara ẹni náà tó wọ aṣọ míì. Ẹ ṣì ni ẹ ó máa ra iná, ẹ ni ẹ ó máa ra dátà, kò sì sí ẹni tó ń san owó ìfẹ̀yìntì. Bí ohun tí ó lé yín kúrò ní ṣọ́ọ̀bù bá jẹ́ àìbalẹ̀ ọkàn lórí owó tí kò ní déètì, ibí kọ́ ni ìsinmi wà.

| Ohun tí à ń wò | Ìjọba | Bánkì, ilé-iṣẹ́ ńlá | Ilé-iṣẹ́ kékeré àti ti àárín | Oníbàárà òkèèrè |
|---|---|---|---|---|
| Ẹni tó kọ́kọ́ ń ka ìwé | Fọ́ọ̀mù | Kọ̀ǹpútà | Ọ̀gá fúnra rẹ̀ | Ẹni tó nílò iṣẹ́ náà |
| Ojú tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ ara ẹni | Kò kàn wọ́n | Ó wúlò bó bá jẹ́ títa ọjà | Òun ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n | Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ |
| Ọjọ́ orí | 18 sí 50. Aláṣọ kéré sí i | Ó le fún ẹni tó kọjá 26 nínú iṣẹ́ ọ̀dọ́ | Kì í sábà dí yín lọ́wọ́ | Wọn kì í béèrè |
| Ìdúró kó tó yọ | Ó lè pẹ́ gan-an | Oṣù díẹ̀ | Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan | Kò ṣeé sọ |
| Owó ìfẹ̀yìntì | Ó wà | Ó wà | Ẹ béèrè | Ẹ dá a san |

CV: ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà kọ ọ́

Àwọn kan ń fi ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ṣíwájú, wọ́n á sì fi déètì pamọ́ sísàlẹ̀. Àwọn mìíràn ń to iṣẹ́ tẹ̀lé déètì, wọ́n á sì kọ ṣọ́ọ̀bù wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ọ̀nà kejì ni mo fara mọ́. Ẹni tó ń kàwé ní Nàìjíríà, bí kò bá tètè rí ọdún, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́. Ọ̀nà àkọ́kọ́ dára fún iṣẹ́ òkèèrè nìkan, tàbí fún ẹni tó ṣe oríṣi iṣẹ́ mẹ́rin láàárín ọdún méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "CEO" kúrò. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ń mú kí ẹni tó ń kàwé rẹ́rìn-ín, ó sì ń jí ẹ̀rù kejì tí mo sọ lókè dìde. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe gan-an: alábòójútó iṣẹ́ ìtẹ̀wé, alábòójútó títa ọjà. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ CV náà, kókó inú rẹ̀ ni mo ń sọ. Ẹ wo ìyàtọ̀ gbólóhùn méjì yìí. Èyí tí mo máa ń rí: "Mo ń darí gbogbo ètò ilé-iṣẹ́ náà." Èyí tí mo fẹ́ rí: "Mo tẹ ìwé ìdánwò fún ilé-ìwé aládàáni mẹ́rin ní sáà kọ̀ọ̀kan láìpẹ́ ju ọjọ́ tí a dá lọ, mo ṣírò bébà, íǹkì àti pílétì ìtẹ̀wé fúnra mi, mo kọ́ ọmọ iṣẹ́ méjì títí wọ́n fi gba òmìnira." Èkejì gùn, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kà á ti rí ènìyàn níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rí wá ńkọ́? Ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀), àkọsílẹ̀ owó tó wọlé sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ yín, ìwé owó orí, fọ́tò iṣẹ́. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rí, kó má sáré lọ ṣe é nísinsìnyí nítorí CV. Déètì wà lára ìwé náà, yóò kàn fi hàn pé àná ni. Kí ó lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ oníbàárà méjì dípò rẹ̀.

Ní ti ẹlẹ́rìí, pásítọ̀ àti lémọ́ọ̀mù kò burú, ṣùgbọ́n ìwà lásán ni wọ́n lè jẹ́rìí sí. Ẹni tó ta bébà fún yín láwìn tí ẹ sì san án tán ni ẹlẹ́rìí tí mo máa ń fi fóònù pè lákọ̀ọ́kọ́. Onídùúró yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fẹ́ onídùúró méjì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ oṣù, pẹ̀lú fọ́tò, ìwé ìdánimọ̀ níbi iṣẹ́ àti àdírẹ́sì tí wọ́n máa lọ wò. Àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́, àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ bíi tiwọn ni wọ́n sábà mọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti yege. Ẹ tètè bẹ àbúrò ìyá yín tó wà ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dójú ẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń jáde

Ìkànnì wà: Jobberman, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 2009, MyJobMag, LinkedIn. Fún ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ kò lè yẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré, ìwé oníbàárà yín níye lórí jù wọ́n lọ. Ẹ ṣí fóònù, ẹ ka orúkọ gbogbo àwọn tó ti gbé iṣẹ́ fún yín rí. Ilé-ìwé tí ẹ tẹ ìwé fún ti mọ̀ pé ẹ kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Wọ́n lè máa wá alábòójútó ọ́fíìsì láìkọ ọ́ síbì kankan. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ àti íǹkì fún yín mọ ilé ìtẹ̀wé ńlá tí alábòójútó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí Kánádà. Ẹ má ránṣẹ́ "ẹ bá mi wáṣẹ́" sí ènìyàn igba. Ẹ pe ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń wá ní gbólóhùn kan.

Ẹnikẹ́ni tó bá gba owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́ tàbí owó "ìforúkọsílẹ̀" kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ìbáà jẹ́ lórúkọ ìjọba. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, àwọn tó ń wá iṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá àti láwọn ìlú mìíràn. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó débẹ̀.

Owó: ẹ má fi owó ọjà wé owó oṣù

Nígbà tí ọ̀gá bá béèrè pé èló ni ẹ ń rí tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá dá a lóhùn pé "irínwó ẹgbẹ̀rún lóṣù" ti pa ara rẹ̀ lára. Owó tó wọlé nìyẹn, èrè kọ́. Ká ní ṣọ́ọ̀bù náà ń rí 400,000 lóòótọ́. Bébà, íǹkì àti pílétì kó 210,000. Iná àti dísẹ̀lì kó 65,000. Owó ilé, bí a bá pín ti ọdún, 25,000. Àwọn ọmọ iṣẹ́, 30,000. Àtúnṣe ẹ̀rọ, 15,000. Ohun tó kù ni 55,000, ó sì kéré sí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, tí ó jẹ́ 70,000 láti oṣù Keje ọdún 2024. Àpẹẹrẹ ni o. Ẹ fi ti yín síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe ìṣirò yìí rí àfi ìgbà tí wọ́n bá ń wáṣẹ́, ó sì máa ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ mú owó oṣù 180,000. Bí wọ́n bá yọ ìdá 8 owó ìfẹ̀yìntì lórí gbogbo rẹ̀, 14,400 lọ. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2026 kò gba nǹkan lórí 800,000 àkọ́kọ́ nínú ọdún, ó sì gba ìdá 15 lórí mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀lé e. Ìyẹn jẹ́ bí 14,840 lóṣù, ó sì lè dín kù bí ẹ bá ń sanwó ilé tí ẹ sì ní ìwé rẹ̀. Nǹkan bí 150,000 ló máa wọ àkáǹtì. Ẹ yọ owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó yọ̀. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Victoria Island lè rí i pé owó náà ti rù kí ó tó délé. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ pé ilé-iṣẹ́ tó wà nítòsí pẹ̀lú 140,000 lè sàn ju èyí tó jìnnà pẹ̀lú 180,000 lọ.

Bí wọ́n bá béèrè iye tí ẹ ń fẹ́, ẹ sọ èrè yín nínú ọdún tó dára, kì í ṣe nínú èyí tó ṣe yín léṣe, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ lé e. Ẹni tó bá ti ní àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn oníṣẹ́ ara ẹni, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2019, kó má ṣí òmíràn. Nọ́ńbà kan náà ló máa gbé lọ síbi iṣẹ́ tuntun.

Kí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa, àbí kí ẹ fi sílẹ̀?

Ìmọ̀ràn méjì ló wà, àwọn méjèèjì ló sì ní ibi tí wọ́n ti bá a mu. Ẹni tó gba iṣẹ́ nínú irú òwò kan náà, kó ti tirẹ̀ pa tàbí kó fi fún ẹlòmíì pátápátá. Bí ó bá ń tẹ̀wé fún ọ̀gá lọ́sàn-án tó tún ń tẹ̀wé tirẹ̀ lálẹ́, ẹ̀sùn olè ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀, kódà bí kò bá mú bébà kan. Ẹni tó ń ránṣọ tó wá gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lè máa rán ti ọjọ́ Sátidé lọ. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì ń dín ẹ̀rù kù bí owó oṣù bá pẹ́.

Orúkọ tó wà lọ́dọ̀ CAC kì í kú fúnra rẹ̀. Ìròyìn ọdọọdún tí òfin ní kí ẹ máa fi ránṣẹ́ ṣì ń kó jọ, pẹ̀lú owó ìtanràn, títí ẹ ó fi kọ̀wé sí wọn pé ẹ ti dáwọ́ òwò náà dúró. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi orúkọ náà sílẹ̀ láàyè, ẹ ka apá tó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mìíràn nínú lẹ́tà ìgbàṣẹ́ yín kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ní òwò kankan lẹ́yìn. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní orúkọ kan tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìyọ̀ǹda sí ìwé fún yín.